Nígbà Tí Ọ̀nà Àlọ Ṣì Ní Àbọ̀

Àwa ará Yemẹ́tù ní Ìbàdàn kì í ṣe àjèjì sí yunifásítì. Kí wọ́n tó ṣí UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì, ní 1957, ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ tó wà ládùúgbò wa wà lára ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń kọ́ṣẹ́. Títí dòní, ẹni tó bá wọ Máíkírà ní Total Garden, tó gba Mọ́kọ́lá àti Sángo kọjá, kò ní pẹ́ dé géètì Yunifásítì Ìbàdàn (UI) bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò bá sí lọ́nà. Gbogbo èèyàn ló mọ àwọn dókítà tó ti ibẹ̀ jáde. Àwọn tí àárò wọn ń sọ mí ni àwọn olùkọ́ Ẹ̀ka Èdè Òde-Òní, àwọn tó ń kọ́ni ní Faransé àti àwọn èdè Yúróòpù mìíràn.

Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Abiola Irele ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Ní 1960 ni wọ́n kàwé jáde ní University College, Ìbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n nígbà tí wọ́n gba àbójútó The Horn, ìwé àtìgbàdégbà fún ewì tí J.P. Clark dá sílẹ̀. Wọ́n kọjá sí Paris, wọ́n gboyè ọ̀mọ̀wé ní 1966, wọ́n sì padà wálé. Nígbà tó yá, wọ́n di ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Faransé àti olórí ẹ̀ka náà.

Ẹ wá wo ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n Faransé yìí fi ìmọ̀ tí wọ́n kó bọ̀ ṣe. Ní 1975, wọ́n gbé àpilẹ̀kọ kan jáde lórí D.O. Fágúnwà, Amos Tutuola àti Wọlé Ṣóyínká. Wọ́n fi hàn níbẹ̀ pé odò kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pọnmi, bí ọ̀kan tilẹ̀ ń kọ Yorùbá tí àwọn méjì yòókù ń kọ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìgbàwọlé sípò ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ṣe ní 1982, wọ́n là á mọ́lẹ̀ pé kí èèyàn jáde kúrò nínú ohun tó ti mọ̀ lè sọ ọ́ di ńlá. Wọ́n tún dá ilé ìtẹ̀wé New Horn sílẹ̀ ní Ìbàdàn níbí.

Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan náà gba ọ̀nà yẹn. Faransé ni wọ́n kà ní UI, wọ́n lo àkókò ní Dakar, wọ́n sì gboyè ní 1969. Ọdún yẹn gan-an ni ogun Àgbẹ̀kọ̀yà gbóná, tí àwọn àgbẹ̀ ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, tí kò jìnnà sí wa, láti tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ yìí àti ìtàn Mọ́remí ni ẹni tó kàwé Faransé jáde yìí wá fi ṣe eré Morountodun.

Nígbà náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ Faransé bá kàwé dé àárín, wọ́n á rán an lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè náà. Ẹni tó ti ná ọjà ní Dakar, tí ọlọ́jà ń sọ̀rọ̀ wìrìwìrì sí i láìdúró dè é, tó ṣìnà tó ní láti bi ará ibẹ̀ léèrè, ahọ́n rẹ̀ á yọ̀. Bó bá padà dé kíláàsì, kò ní máa tún gbólóhùn tò nínú kó tó lanu mọ́.

Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, náírà sì ṣubú. Owó tó ń rán ọmọ lọ sí òkèèrè wá di ohun tí apá ò ká. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìjọba dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Badagry, kí àwọn ọmọ lè rí ibi sọ èdè náà láìkọjá ẹnubodè. Ó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, mo sì dúpẹ́ rẹ̀. Àmọ́ àwọn olùkọ́ ti ń lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Irele alára lọ sí Ohio, lẹ́yìn náà Harvard. Wọ́n ti wà ní Amẹ́ríkà nígbà tí New Horn tẹ ewì gígùn Aimé Césaire jáde ní 1994, pẹ̀lú àlàyé tí wọ́n ṣe sí i. Ìbàdàn ò kúrò lọ́kàn wọn.

Lónìí, Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Yúróòpù ni wọ́n ń pe ẹ̀ka náà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó ní Yemẹ́tù kó fi fóònù gbọ́ rédíò Faransé, èyí tí àwọn ará ìṣáájú ò lè ṣe. Abacha ti kéde Faransé ní 1996 pé ó di èdè ìjọba kejì, síbẹ̀ iléèwé tó ní olùkọ́ rẹ̀ ò pọ̀. Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì gbá oṣù mẹ́jọ lọ nínú ìgbésí ayé àwọn ọmọ. Ẹni tó bá wá rí ọ̀nà jáde, kí ló máa mú un padà? Mi ò bá a wí.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ibi tí a lè rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé lọ kò jìnnà. Kútọnu sún mọ́ Ìbàdàn ju Abuja lọ. Kétu, Pọ́bẹ̀, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin kún fún ọmọ Yorùbá tó ń fi Faransé kàwé, tó sì ń fi Yorùbá nájà. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 ló pín wa. Olabiyi Yai, ọmọ Sábẹ̀ẹ́, kọ́ àwọn ọmọ wa ní Ifẹ̀ kó tó ṣe alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ UNESCO láti 2007 sí 2009. Kí yunifásítì rán ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa wọ̀nyí fún sáà kan, kí àwọn náà rán tiwọn wá. Àwọn oníṣòwò wa ń lọ sí Kútọnu, wọ́n sì ń bọ̀. Ó yẹ kí ilé ìwé náà lè rán ọmọ rẹ̀ lọ, kó sì ní iṣẹ́ àti owó oṣù gidi tó máa fi gbà á padà.