Ìrìn Àjò Wa sí Àgbádárìgì

Bàbá wa àti àwa ọmọ mẹ́ta ni a pinnu láti gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Bàrígà dé Àgbádárìgì, kí a sì pàgọ́ sùn ní ọgbà ìjọ kan. Níbẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ wàásù Ìhìnrere ní 1842. Ilé-ẹ̀kọ́ wa kò tíì sí nígbà náà, 1859 ni a dá a sílẹ̀.

A tẹ àwòrán ọ̀nà lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú. A ra páǹpù táyà. Ìyá wa nìkan ni kò gbà. Wọ́n ní awakọ̀ tírélà kì í wo ilẹ̀. (Kí a má purọ́, ẹ̀rù ń ba àwa náà.) Bàbá wá ní kí ọkọ̀ gbé wa kọjá Mile 2 títí dé Àgbárá, kí a tó gun kẹ̀kẹ́.

Ìyá wa kò fèsì. Lọ́jọ́ kejì, akoto márùn-ún ni wọ́n rà bọ̀ láti ọjà.