Àwa Tí Sáàpù Kọ́ Níṣẹ́

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa tí ẹ gbọ́njú bá Sáàpù, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, ní Alákìá, ní Ẹgbẹ́dá, ní Lálúpọn nílẹ̀ Ìbàdàn, ẹ ó rántí. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ fetí sílẹ̀.

Láyé Ààrẹ Ṣàgàrí, a jẹ búrẹ́dì débi pé àwọn kan nínú wa rò pé ìtòsí Èkó ni wọ́n ti ń gbin àlìkámà. Owó epo rọ̀bì ló ń rà á lókè òkun. Nígbà tó yá, epo já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Lọ́dún 1986, ìjọba ológun Bàbáńgídá gbé Sáàpù dé, náírà tó ti ń bá dọ́là ṣe ẹgbẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Ní 1987, ìjọba ní kí àlìkámà má wọlé mọ́. Ní 1988, ó kan málítì báálì tí wọ́n fi ń pọn bíà.

Háà! Bí àlejò bá fi búrẹ́dì bẹ aláìsàn wò, gbogbo ọmọ ilé ni yóò yí ibùsùn rẹ̀ ká: “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà.” Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀! Sálúbàtà wa, a rán an títí okùn fi pọ̀ ju awọ lọ.

Gàrí ló gbà wá. Ọwọ́ la sì fi ń rin ẹ̀gẹ́: páànù tí wọ́n fi ìṣó dá ihò sí lára, tí wọ́n kàn mọ́ igi. Ẹ̀gẹ́ a tán, ó ku ìka. Ẹ wo ọwọ́ àwọn ìyá wa, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Òkúta ńlá la fi ń tẹ omi rẹ̀ jáde nínú àpò.

Àwọn wẹ́dà wa, àwọn tó ń jó irin, ti ń ṣe ẹ̀rọ gàrí díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ọ̀wọ́n ìgbà yẹn ló sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi. Ẹ̀rọ òkèèrè ti kọjá agbára wa. Wọ́n bá yí páànù oníhò yẹn mọ́ igi róbótó, wọ́n so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì kékeré, wọ́n fi jáàkì ọkọ̀ rọ́pò òkúta. Rírin ẹ̀gẹ́ tó ń gba odindi ọjọ́ di iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní ilé ìwádìí ọ̀gbìn IITA, tó wà lọ́nà Mọ́níyà n'Ìbàdàn láti 1967, wọ́n ti ṣe irúgbìn ẹ̀gẹ́ TMS 30572 tí àrùn ewé kì í tètè borí. Irúgbìn yẹn so rẹpẹtẹ, ẹ̀rọ sì wà tí yóò rin ín. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbé gàrí dé ọjà ńlá.

Àwọn ilé iṣẹ́ ọtí náà tún ẹ̀rọ wọn tò, wọ́n gba ọkà bàbà àti àgbàdo dípò báálì. Títí dòní, ọkà bàbà kò kúrò nínú bíà wa.

Búrẹ́dì ńkọ́? Wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí àlìkámà ní 1992, a sì sáré padà sídìí rẹ̀. Èyí dùn wá títí dòní. Ìjọba Ọbásanjọ́ àti ti Jonathan sọ̀rọ̀ búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ títí, kò dúró, nítorí pé àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì kò rí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tó dára, tó sì ń wá déédéé, rà. Ìyà nìkan kì í kọ́ ilé iṣẹ́. Níbi tí a ti pààrọ̀ ẹ̀rọ, tí oníbàárà sì dúró, ibẹ̀ nìkan ni èrè Sáàpù kù sí.

Láti 2023 ni náírà ti tún ṣubú, tí owó epo bẹntiróòlù sì fò sókè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìgbà tiyín rèé. Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Làgelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ẹ fa iná dé ìdí ẹ̀rọ gàrí, ẹ tún ọ̀nà oko ṣe, kí ẹ sì ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn wẹ́dà wa.