Ohun Tí Ó Wà Nínú Ikùn Ọ̀bọ̀kún: Ìrìnàjò sí Odò Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀

Nínú iṣẹ́ ẹja pípa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní trout, èyí tí kì í gbé inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tí kòkòrò odò sì jẹ́ púpọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀; nítorí náà ni àwọn apẹja ibẹ̀ ṣe ń di ìyẹ́ àti òwú mọ́ ìwọ̀ kí ó lè jọ kòkòrò tí ẹja ń jẹ lọ́jọ́ náà, èyí tí kò lè ṣeé ṣe bí wọn kò bá dá kòkòrò kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Alfred Ronalds, tí ó kọ ìwé The Fly-Fisher's Entomology ní ọdún 1836, kọ́ ahéré sí odò Blithe nítorí kí ó lè máa ṣọ́ ìṣesí ẹja. Trout kò lè gbé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, nítorí pé omi tí ìgbóná rẹ̀ bá kọjá ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìgbà pípẹ́ lè pa á, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà kòkòrò tí Ronalds kọ̀wé lé lórí ní ìbátan nínú odò ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí ó sì gbé arìnrìn-àjò dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ìlú Ajálọ́run, nìyẹn.

Ìrìn láti Ìjẹ̀bú-Òde kò ní ìtàn nínú, àyàfi pé èèyàn mẹ́fà ni awakọ̀ há sórí ìjókòó èèyàn mẹ́rin. Kòtò tí ọkọ̀ àjàgbé gbẹ́ sójú ọ̀nà ni wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ pupa dí, iṣẹ́ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba owó lé lórí, nítorí pé òjò àkọ́kọ́ ni yóò wọ́ ọ lọ sínú odò, tí yóò sì bo òkúta tí àwọn kòkòrò wọ̀nyí fi ṣe ilé.

Lẹ́yìn ìlú, ní òkè odò, ìyá àgbà kan jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ẹja tí ọmọ rẹ̀ fi ìgèrè mú. Nígbà tí ó rí àlejò tí ó ń yí òkúta padà, ó béèrè pé, "Ọmọ mi, ṣé wúrà lò ń wá ni?" Nígbà tí ó gbọ́ pé kòkòrò ni, kò rẹ́rìn-ín, ó mú ọ̀bọ̀kún kan, ó kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ̀gún rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi ọ̀bẹ la ikùn, ó sì tẹ àpò oúnjẹ rẹ̀ sórí ewé kókò. "Wò ó níbẹ̀, Bàbá kòkòrò, ẹja ti bá ọ ṣà á." Ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́, ilé oníyanrìn kékeré àti ìdin pupa ni ó wà nínú àpò náà.

Ohun tí ó wà lórí ewé náà àti èyí tí ó wà lábẹ́ òkúta bára mu. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ephemeroptera sábà máa ń ní ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, ẹ̀yà ara tí ó fi ń mí tò sí ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀, èékánná kan ṣoṣo ni ó sì wà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jáde kúrò nínú omi tí ó hu ìyẹ́ tán, yóò tún bọ́ awọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ohun tí kò sí kòkòrò mìíràn tí ń ṣe é, kò sì ní jẹun mọ́ títí yóò fi kú. Ọ̀kan nínú wọn, Povilla adusta, a máa gbẹ́ ihò sínú igi, ó sì pọ̀ lára àwọn igi tí omi bò nígbà tí wọ́n dí odò Ọya ní Kainji ní ọdún 1968. Plecoptera ní ìrù méjì àti èékánná méjì. Ní ti Trichoptera, ìdin rẹ̀ ń fi òwú tí ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, irú èyí tí kòkòrò sányán ń yọ, so iyanrìn àti ewé pọ̀ di ilé tí ó ń wọ́ kiri.

Àwọn àgbà ní ìròmi tí ń jó lójú omi, onílù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ odò, àríyànjiyàn tí ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn apẹja Gẹ̀ẹ́sì kò jìnnà sí èyí. Frederic Halford ni aṣáájú àwọn tí ó gbà pé ìwọ̀ tí ó léfòó ni ó bójú mu, ṣùgbọ́n G. E. M. Skues, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1910, jà fún ìwọ̀ tí ó ń rì, nítorí pé abẹ́ omi ni ẹja ti ń jẹ púpọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀. Òun náà a sì máa fi ṣíbí tẹ́ẹ́rẹ́ kó ohun tí ó wà nínú ikùn ẹja jáde kí ó lè wò ó. Ohun tí ìyá àgbà yìí fi ọ̀bẹ ìdáná ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan kò kéré sí ti Skues, ìmọ̀ rẹ̀ ni kò sí nínú ìwé kankan.

Ó tún sọ pé ọmọ òun kì í dẹ ìgèrè sí ìsàlẹ̀ afárá, níbi tí wọ́n ti ń fọ ọ̀kadà tí wọ́n sì ń da ìdọ̀tí, nítorí pé ẹja ibẹ̀ kì í sanra. Arìnrìn-àjò náà yí òkúta ibẹ̀ wò: kò sí onírù mẹ́ta, kò sí onírù méjì, nítorí pé àwọn wọ̀nyẹn kì í fara da omi tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti dínkù. Ìdin pupa ni ó kún ibẹ̀, ọmọ kòkòrò tí ó jọ ẹ̀fọn ṣùgbọ́n tí kì í jẹ èèyàn, èyí tí ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí ó bá ti inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn tan, ń bá a di ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí ó kù nínú ẹrẹ̀ mú.