Owó Ni Àbí Ọwọ́?

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ètò kọ̀ǹpútà tó ti gbó kò wúlò mọ́, ẹ má tètè gbà. MS-DOS 6.22 ni mò ń sọ, èyí tí ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé jáde ní ọdún 1994, tí wọ́n sì jáwọ́ nínú ìtọ́jú rẹ̀ ní ìparí ọdún 2001. Lọ́dún tó kọjá ni mo tún fi í sínú ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi sílẹ̀.

Olùkọ́ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Ọlọ́hun yóò kẹ́ ẹ. Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Ó fi WordPerfect 5.1 kọ ìtàn ilé wa, ó sì kó o sórí dísíkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn kan bá wa fi ẹ̀rọ ìgbàlódé tẹ̀ ẹ́ jáde. Àmì ohùn orí lẹ́tà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo àmì abẹ́ lẹ́tà ti fò dànù. Gbólóhùn kan wá di ìjà: "Owó ìyá mi ló kó ilé èyìn."

Bó bá jẹ́ owó, a jẹ́ pé ìyá àgbà ló náwó ara rẹ̀, àwọn ọmọ tirẹ̀ nìkan ló sì nilé. Ìyá mi wà lára wọn. Bó bá jẹ́ ọwọ́, a jẹ́ pé ó gbé amọ̀, ó pọnmi, bí àwọn ìyàwó ilé yòókù ti ṣe, ilé náà sì di ti gbogbo ọmọ bàbá. Ìpàdé ẹbí mẹ́ta ló ti tú ká lórí ọ̀rọ̀ yìí. Olórí ẹbí wá ránṣẹ́ pè mí.

"Ọmọ mi, ìwọ lo mọ̀ nípa ẹ̀rọ wọ̀nyí. Bá wa wo ohun tí Tíṣà kọ gan-an."

"Ó dáa, Bàbá. N ó gbìyànjú."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ìṣòro ti wá. Àwọn lẹ́tà tí ẹ̀rọ ayé ìgbà náà ní, èyí tí wọ́n ń pè ní code page 437, ní à, á, è, é títí dé ù àti ú. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Bẹ́ẹ̀ ohùn kan náà ni owó àti ọwọ́ ní. Àmì abẹ́ nìkan ló yà wọ́n. Ọgbọ́n tí Tíṣà dá ni pé ó ń tẹ F8, tí yóò fi fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà tó bá yẹ kó ní àmì.

Bátìrì inú ẹ̀rọ náà ti kú, nítorí náà kò rántí ohunkóhun. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1980 ló pe òní. Mo fúnra mi sọ fún un bí háàdì díìsìkì rẹ̀ ṣe tóbi tó kí n tó ki dísíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́. Mẹ́ta ni DOS náà. Èkíní wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Èkejì kọ̀. Mo fi DIR dán an wò, ó ní "Abort, Retry, Fail?" Nígbà tí mo ṣí ìdérí irin rẹ̀, nǹkan funfun ti hù sójú rẹ̀ bí ó ṣe ń hù sára búrẹ́dì tó pẹ́. Òwú àti sípíríìtì ni mo fi nù ún, díẹ̀díẹ̀, mo nu ojú ẹ̀rọ tó ń kà á náà. Mo tẹ R. Ó kùn, ó dákẹ́, ó tún kùn. Ìgbà kẹrin ló tó kà á. Èmi fẹ́ràn irú ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tó ń dùn ún báyìí ju tòde òní tó kàn ń yí róbótó lójú ènìyàn lọ.

Lẹ́yìn èyí ni C:\> yọ. Mo fi WordPerfect sí i, mo tẹ F5, mo rí fáìlì náà. Àwọ̀ àwọn lẹ́tà kan yàtọ̀ lójú ẹ̀rọ. Mo tẹ Alt pẹ̀lú F3 kí àṣírí lè tú, ó sì hàn kedere: [UND]O[und]w[UND]ó[und]. Ìlà wà lábẹ́ méjèèjì. Ọwọ́ ni.

Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ fi hàn.

"Ṣé o wò ó dáadáa?"

"Mo wò ó, Màámi."

Wọ́n tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ ìyá àwọn máa ń le bí èèpo igi, àwọn kò kàn béèrè ìdí rẹ̀ rí ni. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn fúnra wọn ló gbé ìwé náà lé olórí ẹbí lọ́wọ́. Dísíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló kù tí n kò tíì ṣí.