Ọmọ Tí A Rán Lọ Kọ́ Ẹ̀kọ́ Ọpọlọ

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ lọ́kàn wa tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n wa rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ gíga nípa ọpọlọ ènìyàn ní London, inú gbogbo agbo ilé wa ní Ìbarà dùn. Ṣùgbọ́n àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ṣé iṣẹ́ Àrò ni ó fẹ́ lọ kọ́?" A dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni ó la ọ̀nà náà. Ní ìlú wa ni a bí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ní ọdún 1923. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, lẹ́yìn náà ó kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní London. Ní ọdún 1954 ó gba àkóso ilé ìwòsàn Àrò. Dípò kí ó sé gbogbo aláìsàn mọ́lé, ó fi ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí Àrò ká, olúkúlùkù pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Wọn a lọ gba ìwòsàn lọ́sàn-án, wọn a sì padà sí àárín ènìyàn lálẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyanu ni ọmọ wa ń sọ fún wa: pé ọpọlọ kò wúwo tó kílò kan àtààbọ̀, síbẹ̀ òun ni ó ń jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń lò nígbà tí a bá sinmi. Nígbà tí òtútù dé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dín kù. Oòrùn a ti wọ̀ ní agogo mẹ́rin ọ̀sán, yóò sì padà sí yàrá tí kò sí ẹni tí yóò bi í pé, "Ṣé o ti jẹun?" Ní ọjọ́ kan ó ní, "Bàbá, ọpọlọ ni mò ń kọ́ nípa rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tèmi ti rẹ̀."

Àwọn àgbà ilé ní kí a sọ fún un pé kí ó ṣe ọkàn akin, kí ó má dójú ti wa. Ṣùgbọ́n a rántí Àrò. Bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá bá nílò ìbátan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ǹjẹ́ ó yẹ kí a fi ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le sílẹ̀ ní òun nìkan títí àìsàn yóò fi dé? A wá ìdílé Ẹ̀gbá kan fún un ní London, tí ó ń bá jẹun ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. A pín alẹ́ ọ̀sẹ̀ láàárín ara wa nílé, kí ẹnìkan lè máa pè é lórí fóònù. A sì gbà á níyànjú pé kí ó sọ fún olùkọ́ rẹ̀ láìfi bò. Ẹ̀kọ́ náà kò tíì rọrùn, ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ́rìn-ín bí ó bá ń bá wa sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó bèèrè èsì ìdánwò, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bí ọmọ ti sùn. Owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lè ra ẹ̀wù òtútù fún un; ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti sọ pé ènìyàn ni aṣọ.