Mo Ba Ajá Olájá Lórúkọ Jẹ́

Èmi ni mo lé Bíńgò kúrò nílé, bẹ́ẹ̀ n kò fojú kan ajá náà rí.

Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 6, wá sí láàbù wa. Làpálàpá ti jẹ irun orí rẹ̀ pá níbi méjì. Mo ń họ eépá orí rẹ̀ sínú bébà lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin náà ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, àbí ajá wa ló kó o ràn án? Wọ́n jọ máa ń sùn ni." (N kì í ṣe dókítà, àmọ́ oyè náà dùn létí mi.) Ọ̀rọ̀ ajá yẹn kò kúrò lọ́kàn mi mọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ 10, eépá orí ọmọ náà tí mo gbìn ti hù bíi ti búrẹ́dì tó bu. Mo fi sẹ́lótéèpù tọ́ ọ, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí lórí omi aláwọ̀ aró, mo gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Kòkòrò làpálàpá méjì ni mo ń rò, ìbátan tímọ́tímọ́ sì ni wọ́n: Microsporum canis, tí ológbò àti ajá ń kó ran èèyàn, àti Microsporum audouinii, tí èèyàn ń kó ran èèyàn. Canis máa ń so hóró ńlá tó rí bí ìrànwú: àárín sanra, orí àti ìdí ṣóńṣó, èèpo nípọn, ara rí ṣákiṣàki. Audouinii kì í sábà so irú rẹ̀. Mo wá a tì. Hóró roboto kan ṣoṣo ni mo rí ní ìparí okùn, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Mo ní ìrànwú tí kò tíì gbó ni. Mo kọ canis.

Ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn náà, obìnrin náà mú àbúrò ọmọ yẹn dé. Orí tiẹ̀ náà ti ń pá. "Dókítà, a ṣáà ti gbé Bíńgò fún èèyàn o!"

Àyẹ̀wò ìrẹsì ló tú àṣírí mi, ohun tó yẹ kí n ti ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Mo se ìrẹsì funfun sínú ìgò mẹ́ta, mo fi ooru pa kòkòrò inú wọn, mo gbin tàwọn ọmọ náà sí méjì, mo gbin canis gidi tó wà nípamọ́ sí ẹ̀kẹta. Canis bo ìrẹsì bí òwú, ó yọ àwọ̀ ìyeyè. Tàwọn ọmọ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ hù. Ìrẹsì kàn pọ́n bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tó fẹ́ jóná ni. Audouinii. Hóró ẹlẹ́nu ṣóńṣó yẹn gan-an sì wà lára àmì tí a fi ń dá a mọ̀.

Mo pe obìnrin náà, mo jẹ́wọ́. Mo bi í léèrè ta ló ń gẹrun fáwọn ọmọ. Bàbá wọn ni, kílípà kan náà ló sì ń lò fún gbogbo ilé. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Dókítà, ẹni tá a gbé Bíńgò fún ní ó ti já okùn lọ."