Ọbẹ̀ Tí Kò Ní Efínrín

Ẹ̀yin tí a jọ gbé ilé ẹ̀kọ́ yìí yóò rántí pé bí inú bá ń run ọmọ kan lóru, efínrín ni ìyá tí ń tọ́jú wa máa ń gbo. Yóò bu iyọ̀ sí omi rẹ̀, yóò sì dúró ti ọmọ náà títí yóò fi gbé e mì. Inú rírun a lọ. Òórùn ewé náà kò kúrò nímú mi títí di òní.

Iṣẹ́ àlùfáà kò sì bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mu. Ilé ọmọ ìjọ mélòó ni a ti ń se ọbẹ̀ ẹja tútù fún àlejò láìjá efínrín sí i? Mo ń jẹ, mo ń dúpẹ́, mo sì ń fi omi tì í. Ìyàwó mi pẹ̀lú ń sè é, nítorí mo ti yin ọbẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí a ṣe ìgbéyàwó. Ọdún 11 kọjá kí n tó jẹ́wọ́.

“Ẹ̀yin tí ẹ ń wàásù òtítọ́!” Ohun tí ó sọ nìyẹn, ó sì wọ yàrá lọ. Gbogbo ìyìn mi ni ó dùn ún. Kò mọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́ nínú wọn mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta ó gbé ẹja àrọ̀ ka iwájú mi: ata rodo, àlùbọ́sà, epo pupa, irú, kò sí ewé kankan. Ọjọ́ náà ni mo tó mọ adùn ẹja àrọ̀ fúnra rẹ̀. Mo ní ó dùn. Ó wò mí lójú pẹ́, ó ní kí n tún un sọ.